Ta Ló Jẹ̀bi Ikú Ẹfúnṣetán?

Bí obìnrin kan bá le díẹ̀ láàrin wa níbí, ìbáà jẹ́ nínú ọjà, ìbáà jẹ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹfúnṣetán ni." Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìlú Bìní, tí wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn rí, mọ orúkọ náà. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni Ẹfúnṣetán ṣe, wọ́n á ní ó ń pa ẹrú. Bí ẹ bá tún bi wọ́n pé ta ló pa Ẹfúnṣetán, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó pa á, májèlé ló gbé jẹ. Ìdáhùn kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ọdún wa yìí, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n pa obìnrin náà ni. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n pa á sí, láti ọwọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ sì ni.

Inú eré onítàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Ìyálóde yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí 1961 sí 1962, nígbà tó kọ ọ́. Ìwé náà jáde ní 1970. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1980 kà á débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, tí gbogbo ayé ń pè ní I Sho Pepper, gbé e sórí ìtàgé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì tú jáde lọ wò ó. Wọ́n tún ṣe é ní fíìmù. Bí ìtàn bá ti dé orí ìtàgé, tó dé inú fíìmù, tó sì tún di ìwé ìdánwò, kò kù síbi tí kò ní í dé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ẹni tó yẹ ní yíyìn. Eré náà dára. Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Ẹfúnṣetán, obìnrin olówó, ìyá àwọn obìnrin Ìbàdàn, ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ìyá ti yí padà. Ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Ikú ni èrè ẹni tó bá rú òfin náà. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Wọ́n bẹ Ìyálóde títí, kò gbẹ̀bẹ̀, wọ́n sì bẹ́ aboyún náà lórí. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ tí omi kò lé ròrò sí i lójú, ọkàn tirẹ̀ náà le. Lẹ́yìn náà ni Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kó ogun dé ilé rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, àwọn ẹrú gba òmìnira, Ìyálóde sì gbé májèlé jẹ.

Bí a bá kúrò nídìí ìtàgé báyìí, ó dà bíi pé gbogbo nǹkan ti yanjú. Ìkà ti kú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀, Ààrẹ ni olùgbàlà, kálukú lè máa lọ sílé lọ jẹun.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìtàn sọ. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, olùkọ́ ni ní Ìbàdàn ní àkókò náà gan-an. Ìwé rẹ̀ kò jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí kò rúni lójú. Ní 1874, Látòósà ti ogun dé, ó sì ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀. Ó ní kò bá òun lọ sójú ogun. Ó ní kò fi nǹkan ìrànwọ́ kankan ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun. Ó ní kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ó san án. Àwọn ìjòyè bá a bẹ̀bẹ̀, etí Ààrẹ kò gbà á. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ẹrú méjì gba òkè àjà bọ́ sínú yàrá tí obìnrin náà sùn sí, wọ́n sì fọ́ orí rẹ̀. Kúmúyìlọ́, ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, tí Ààrẹ ti fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ìjòyè takú pé àwọn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n pa ẹrú méjèèjì ní gbangba ní oṣù keje, wọ́n sì yọ Kúmúyìlọ́ kúrò ní ipò olórí ilé. Ààrẹ jókòó sórí àga rẹ̀.

Fáìlì ni ayé àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí ọ̀ràn kan bá dé iwájú ọ̀gá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló wà níbẹ̀, kí ló máa rí jẹ níbẹ̀, ta ló sì fọwọ́ sí i? Èmi náà gbé ikú yìí lé orí ìbéèrè wọ̀nyí.

Àwọn ẹrú méjì yẹn wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Wọ́n sì ní ohun tó lè mú kí ènìyàn pa olówó rẹ̀. Ilé Ẹfúnṣetán kì í ṣe ilé ìtura. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ìbàdàn ka àwọn ẹrú tó pa sí 41. Ká tiẹ̀ ní wọ́n bù mọ́ ọn, ká sọ ọ́ di ìdajì, ìyẹn náà ti pọ̀ jù. Ẹrú tó bá sùn lálẹ́ tí kò mọ̀ bóyá orí òun ni yóò kàn lọ́la, ta ni yóò bá a wí bó bá gbé òkúta? Ìṣọ̀lá mọ èyí dáadáa, ibẹ̀ sì ni agbára eré rẹ̀ wà. Ó jẹ́ kí a rí i pé ìwà ipá inú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya nìkan. Ẹni tó bá ní agbára lórí ẹlòmíràn nínú ilé kan náà lè sọ ilé náà di ẹ̀wọ̀n, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ẹ má jẹ́ ká dibọ́n, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí à ń mú wá láti ìlú sí Bìní níbí ńkọ́? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ìbéèrè kejì. Kí ni ẹrú méjì máa rí gbà nínú ikú yìí? Ní ayé ìgbà náà, ẹrú tí olówó rẹ̀ bá kú kì í di òmìnira, àrólé ló ń jogún rẹ̀. Bí Ẹfúnṣetán bá kú lóru, ilẹ̀ á mọ́ bá ẹrú lábẹ́ olówó tuntun. Ẹnìkan lè sọ pé ìbínú kì í bèèrè èrè, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìbínú ọjọ́ pípẹ́ kì í dédé mọ ọjọ́ tó yẹ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí obìnrin náà ti ń fìyà jẹ wọ́n, wọn kò pa á. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ lóyè tán, tí Ààrẹ kọ ẹ̀bẹ̀, nígbà náà gan-an ni òkè àjà wá ṣí sílẹ̀. Agbo ilé tí ẹrú àti ọmọ kún bámúbámú ni. Àwọn méjì kò lè rìn lórí àjà lóru kí ẹnikẹ́ni má gbúròó wọn àfi bí ẹnìkan tó lẹ́nu nínú ilé bá ti ní kí àwọn yòókù dákẹ́.

Ẹni tó lẹ́nu nínú ilé ni Kúmúyìlọ́. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù lọ nínú gbogbo wọn, òun sì ni kò jọ pé a máa ń rántí. Òun ni yóò jogún. Oko ńlá, ẹrú, ọjà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Ìbàdàn àti etí òkun, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ẹnìkan. Bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tó tún ní èrè níwájú, òun ni màá tọ́ka sí.

Síbẹ̀ mo máa ń ro ọmọ náà wò. Ìyá tó gbà á tọ́ kò mọ́kàn kúrò lára ọmọ tó kú. Ó dàgbà sínú ilé tí ẹkún ti ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé, tí ó sì ń rí i pé ẹ̀mí ènìyàn kò tó nǹkan bí olórí ilé bá ti bínú. Ẹni tó bá kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tí àgbà kan wá fi owó síwájú rẹ̀ tó ní kó ṣe é fún ẹni tó kọ́ ọ, kò ní í ṣòro fún un bó ṣe yẹ kó ṣòro. N kò fi èyí dá a láre. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí eré yẹn ìbá ti jinlẹ̀ jù lọ nìyí, Ìṣọ̀lá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ipa tí ọmọ àgbàtọ́ kó nínú ikú ìyá rẹ̀ kò sí nínú eré náà rárá. Wọ́n gbé gbogbo ìwà ìkà inú ilé náà lé orí ẹnìkan ṣoṣo, ẹni náà sì kú, ó parí. Ilé tí ìwà ipá ti wọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ràn ni bí iná ọyẹ́.

Ó wá ku Ààrẹ. Ẹ padà sórí ẹ̀sùn mẹ́ta tí mo kà sókè yẹn. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ni ẹ rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ nínú àwọn ẹrú tó pa? Kò sí. Kò sí Adétutù, kò sí aboyún, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi yọ Ìyálóde lóyè dá lórí ogun àti owó ogun, àti pé kò wá kí Ààrẹ. Bó bá jẹ́ pé ìwà ìkà obìnrin yìí ló dun Látòósà, ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn, níwájú gbogbo ìjòyè. Kò sọ ọ́ nítorí kì í ṣe ohun tó ń dùn ún. Ìbàdàn ìgbà náà, ìlú ológun ni, ogun ni wọ́n fi ń kó ẹrú, ilé àwọn ìjòyè sì kún fún wọn. Látòósà tó ń tú ẹrú sílẹ̀ lórí ìtàgé, ní ti òótọ́, oníṣòwò ogun bíi tiwọn lòun náà.

Ohun tó ń dùn ún kò ṣòro láti rí. Ẹfúnṣetán ló ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun, ó sì ń ta á ní àwìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1992, fi yé wa pé gbèsè ń bẹ lọ́rùn àwọn ìjòyè, àti pé obìnrin náà ti sú sí ogun tí kò lópin tí Ààrẹ ń gbé káàkiri. Nígbà tó wá ní òun kò fi ọjà òun sí i mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó, tí kò fẹ́ yáni mọ́, tó tún jẹ́ obìnrin, tó tún jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá nílùú Ìbàdàn! Àwa tí à ń gbé ìlú onílùú mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Bí ọjọ́ bá ti dára, ọmọ wa ni ọ́; bí ọ̀rọ̀ bá ti dé, wọ́n á bi ọ́ pé níbo lo ti wá gan-an.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, ìdájọ́ tèmi ni pé ọwọ́ ẹrú ló ṣe é, ọmọ ló ṣílẹ̀kùn, Ààrẹ ló rán wọn. Ìwà ipá inú ilé náà kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi pa á, àmọ́ ó wúlò fún ẹni tó pa á. Bí ilé bá ti kún fún àwọn tó ń kórìíra rẹ, ọ̀tá ìta kò ní í wá apànìyàn jìnnà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìwà rẹ̀ kan náà ló di aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìkà ni tẹ́lẹ̀." Ó parí, kò sẹ́ni tó tún bèèrè nǹkan mìíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé eré ni, kì í ṣe ìwé ìtàn. Mo gbà. Ìṣọ̀lá lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìparí padà bó bá ṣe wù ú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó kọ ọ́, orílẹ̀-èdè yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ó sì bá a mu kó fẹ́ kí àwọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dìde kí wọ́n ṣẹ́gun. Nígbà tó yá, ó kọ Olú Ọmọ lórí Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, olówó àti oníṣòwò bíi Ẹfúnṣetán. Kì í ṣe ẹni tó kórìíra obìnrin alágbára. Ìjà tèmi kọ́ ni pé ó yí ìtàn padà, bí kò ṣe pé ibi tó yí i sí ṣe apànìyàn lóore. Nínú ìtàn, wọ́n fọ́ orí obìnrin kan lójú oorun. Nínú eré, òun fúnra rẹ̀ ló gbé májèlé jẹ. Gbogbo àwọn afurasí ló lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ pé òkú ló pa ara rẹ̀ yìí, kò tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ní 2011, ọkọ kan dé iwájú òfin ní Èkó lórí ikú ìyàwó rẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì, tí wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé wọn ní Ìsọlọ̀. Ohun tí ọkọ wí ní kóòtù ni pé ìyàwó náà ló fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀. Dókítà tó yẹ òkú náà wò ka ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ 76 lára rẹ̀. Ní 2014, Adájọ́ Lateefat Okunnu ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọkọ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé dókítà kò bèèrè bóyá obìnrin náà máa ń pariwo, tàbí bóyá ó máa ń dá ọkọ lóhùn. Ojú ọgbẹ́ ló kà. Nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí tiwa ńkọ́? Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí mo ti gbọ́ tí mo sì ń gbọ́ láti ẹnu àgbà ni pé, "Kí ló ṣe fún un?" Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa ka ìwà òkú. Kí wọ́n tó kà á tán, ẹni tó ṣe é ti ń jẹ iyán ìsìnkú pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bó bá jẹ́ ọkọ ló kú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé apá kan ni mò ń gbè.

Nítòsí Ọjà Ọba níbí, gbogbo wa là ń kọjá lára ère Ẹmọ́tan, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1954. Inú ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí oyè ni orúkọ obìnrin ọlọ́jà yẹn ti jáde, nígbà tó ran Ọba Ewuare lọ́wọ́ láti padà sórí ìtẹ́. Àwọn ará Ẹ̀dó mọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹfúnṣetán náà ní ère ní Ìbàdàn, ní Challenge. Mo ti rí i bí àwọn èrò inú ọkọ̀ ṣe ń tọ́ka sí i tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé, "Wo ìyá ìkà." Ẹni tó gbé ère ró fún un mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrò ọkọ̀ kò mọ̀, nítorí eré ni èrò ọkọ̀ wò.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń rò ó láti ṣe eré kan ní èdè wa ní ọjọ́ ayẹyẹ, kí àwọn ọmọ tí Bìní àti Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹnu wọn lè gbọ́ Yorùbá gidi. Bó bá jẹ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni wọ́n mú, inú mi á dùn. Kí wọ́n ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé, kí wọ́n má yọ nǹkan kan, kí Adétutù sì pa wá lẹ́kún dáadáa. Àmọ́ bí Ìyálóde bá ti gbé májèlé jẹ tán, kí aṣọ ìtàgé tó wálẹ̀, kí ẹ fún ọ̀dọ́ kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó sọ fún àwọn òǹwòran pé ní 1874 kò sí májèlé, pé àwọn ẹrú méjì ni wọ́n pa ní oṣù keje, pé Kúmúyìlọ́ kàn pàdánù ipò olórí ilé ni, àti pé Látòósà tún gbé ogun mìíràn dìde, ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ibùdó ogun náà ló sì kú sí ní 1885, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é wá wí tẹnu rẹ̀ lórí ikú Ìyálóde.